Kí ẹ tó náwó sórí Luther àti Michelangelo: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Bí oṣù Kẹwàá bá ti ń parí lọ, tí ọjọ́ ìrántí Àtúnṣe Ìjọ (Reformation) ń bọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé tí wọ́n rà wá bá mi. Háńdáùtù ni, tàbí ìwé àkópọ̀ tí wọ́n ṣe ní fọ́tókọ́pì. Wọ́n á ti sanwó, wọ́n á ti fi báírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn, wọ́n á wá ní kí n ṣàlàyé ibi tí kò yé wọn. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé kì í ṣe ọpọlọ wọn ni kò ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n rà ni kò tọ̀nà.

Ìtàn ilẹ̀ Yúróòpù láti nǹkan bí 1400 sí 1600 ni mo ń kọ́ni: àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò A-level, àti àwọn tó ń múra láti di olùṣọ́ àgùntàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń tẹnu mọ́ fún wọn lọ́dọọdún: ẹ ka ohun tí àwọn èèyàn yìí fọwọ́ ara wọn kọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò gùn, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá kà á kò ní mọ ìgbà tí wọ́n bá ta ayédèrú fún un.

Èkíní, ẹ má fi àwòrán Martin Luther King sí iwájú ìwé tó ń sọ̀rọ̀ nípa Martin Luther. Mo ti rí i lára ìwé ètò ìsìn, mo sì ti rí i lára háńdáùtù tí wọ́n ń tà. Mọ́ńkì ọmọ Jámánì tí Àtúnṣe Ìjọ ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni Luther, 1546 ló kú. Bàbá King ló lọ sí ìpàdé àwọn Onítẹ̀bọmi ní Berlin ní 1934. Nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà ló yí orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ kúrò ní Michael. Ibi tí ìbátan wọn mọ nìyẹn.

Èkejì, ẹ má sọ pé Luther ló dá gbogbo ìjọ tí kì í ṣe Kátólíìkì sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, bá mi jiyàn lórí èyí títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ní kó lọ wo ohun tí Luther kọ nípa àwọn tó ń tún àgbàlagbà rì bọmi. Kò fẹ́ràn wọn rárá. Ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ ló di mú títí ó fi kú. Ní Zurich ní Switzerland, níbi tí Zwingli, oníwàásù àtúnṣe míràn, ti ń wàásù, nítorí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi yìí gan-an ni ìjọba ìlú fi ri Felix Manz, ọ̀kan lára àwọn tó ń tún àgbàlagbà rì bọmi, sínú odò Limmat ní oṣù Kínní 1527, tó sì kú síbẹ̀. Luther àti Zwingli alára kò rẹ́. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Marburg ní 1529, wọ́n fẹnu kò lórí kókó 14 nínú 15. Èyí tó kù, tó dá lórí búrẹ́dì àti wáìnì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ló dá wọn dúró. Luther ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ Jésù sórí tábìlì ní èdè Látìn, “Èyí ni ara mi”, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ òun kúrò lórí rẹ̀.

Ìjọ Áńgílíkà tí CMS gbé wá sí Badagry àti Abẹ́òkúta ńkọ́? England ló ti wá, níbi tí Ọba Henry Kẹjọ ti kọ ìwé tako Luther ní 1521, tí Póòpù Leo Kẹwàá sì fi oyè Olùgbèjà Ìgbàgbọ́ dá a lọ́lá. Ọba yìí kan náà ni ilé aṣòfin fi ṣe olórí ìjọ England ní 1534, lẹ́yìn tí Róòmù kọ̀ láti tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìdánwò pé Luther ló dá Áńgílíkà sílẹ̀ á pàdánù máàkì, kò sì yẹ kó bínú.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ya Renaissance, ìgbà tí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọnà àtijọ́ tún sọjí ní Yúróòpù, sọ́tọ̀ kúrò lára Àtúnṣe Ìjọ bí ẹni pé wọn kò mọra rí. Ìwé méjì ni wọ́n máa ń tà fún yín, ọ̀kan fún àwọn ayàwòrán, ọ̀kan fún àwọn oníwàásù, owó méjì sì lẹ ó san. Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gíríìkì tí ọ̀mọ̀wé Erasmus tẹ̀ jáde ní Basel ní 1516 wà lára èso Renaissance. Àtẹ̀jáde kejì rẹ̀, ti 1519, ni Luther lò nígbà tó túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí èdè Jámánì, èyí tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 1522. Póòpù Leo Kẹwàá tó yọ Luther lẹ́gbẹ́, ọmọ Lorenzo de' Medici ti Florence ni, ọdún kan náà ni wọ́n bí òun àti ayàwòrán Michelangelo, 1475, inú ilé Lorenzo yìí sì ni Michelangelo gbé fún ìgbà díẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Raphael, ayàwòrán míràn, ya àwòrán Leo, Leo sì fi Raphael ṣe ọ̀gá àwọn tó ń kọ́ ilé ìjọsìn Peter Mímọ́ ní Róòmù. Owó ilé yẹn ló dá ìjà sílẹ̀ ní Jámánì.

Èyí ló gbé wa dé ìkẹrin, tó máa ń bí mi nínú jù: ọ̀rọ̀ òòlù àti ìṣó, pé Luther kan kókó 95 tó kọ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ní Wittenberg, ìlú tó ti ń kọ́ni. Ìwé ìdáríjì ni kókó náà dá lé lórí, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń tà fún èèyàn pé ó ń mú ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kúrò.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ojú ìwé mẹ́ta fún mi lórí bí Luther ṣe rìn lọ sí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Wittenberg ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1517, bí èrò ṣe pé lé e lórí, bí wọ́n ṣe ń kà á tí wọ́n ń pariwo. Kò kọ ìlà kan nípa ohun tó wà nínú ìwé náà. Inú háńdáùtù ló ti rí i, ó sì sanwó fún un.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Nínú gbogbo ohun tí Luther kọ sílẹ̀, kò sí ibi tó ti sọ pé òun kan ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Melanchthon, ẹlẹgbẹ́ Luther, ló kọ ọ́ ní 1546, lẹ́yìn ikú Luther, Melanchthon kò sì tíì dé Wittenberg ní 1517. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló dé. Ohun tó dájú ni pé Luther kọ lẹ́tà sí Albrecht, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz, ní ọjọ́ yẹn gan-an, ó sì fi kókó 95 náà sínú rẹ̀. Èdè Látìn ni wọ́n. Èèyàn ọjà tó bá kọjá níwájú ilẹ̀kùn náà kò ní lè kà wọ́n, ká tiẹ̀ ní wọ́n kàn án mọ́ ọn. Ohun tí ará ìlú kà ni ìwàásù kúkúrú tí Luther kọ ní èdè Jámánì ní 1518 nípa ìwé ìdáríjì, kókó 20 péré, tí àwọn atẹ̀wé ń tẹ̀ tí wọ́n tún ń tún tẹ̀. Mélòó nínú yín ni háńdáùtù yín dárúkọ ìyẹn fún?

Ẹ tún wo ọ̀dọ̀ Albrecht. Kò tíì pé ọmọ ọdún 25 nígbà tó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz ní 1514, bẹ́ẹ̀ ó ti wà lórí oyè bíṣọ́ọ̀bù àgbà Magdeburg tẹ́lẹ̀. Róòmù gba owó gidi lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lè kó oyè pọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ìdílé Fugger, àwọn olówó tó ní báǹkì ní Augsburg, ló sì ti yá a. Bí wọ́n ṣe fẹ́ san án padà nìyí: kí Johann Tetzel máa ta ìwé ìdáríjì káàkiri, kí ìdajì owó náà lọ sí ilé Peter Mímọ́, kí ìdajì lọ fún gbèsè Fugger. Tetzel kò wọ Wittenberg, torí pé Frederick, olórí Saxony, kò gbà á láyè. Àwọn ọmọ ìjọ Luther ló ń sọdá lọ sí Jüterbog láti lọ rà á, tí wọ́n ń mú ìwé náà padà wá bá a pé àwọn kò nílò ìrònúpìwàdà mọ́.

Ẹ wá ka kókó náà fúnra yín. Àkọ́kọ́ sọ pé nígbà tí Jésù ní ká ronú pìwà dà, gbogbo ọjọ́ ayé onígbàgbọ́ ló ní lọ́kàn. Ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n bá àwọn tó ń sọ pé bí owó bá ti dún nínú àpótí ni ọkàn òkú ti fò jáde ní pọ́gátórì, ibi tí wọ́n ní ọkàn òkú ti ń jìyà kó tó dé ọ̀run, wí. Ìkẹtàlélógójì ní ẹni tó fún tálákà lówó, tàbí tó yá aláìní, ṣe ohun tó dára ju ẹni tó ra ìwé ìdáríjì lọ. Ìkẹrìndínláàádọ́rùn-ún béèrè ìdí tí Póòpù tó lówó ju olówó ayé àtijọ́ lọ kò fi fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé Peter Mímọ́, tó jẹ́ pé owó àwọn tálákà ló ń ná.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí kò sí níbẹ̀. Luther kò sọ pé kò sí pọ́gátórì. Kò sọ pé kí wọ́n lé Póòpù lọ. Ìkọkànléláàádọ́rin tiẹ̀ fi ẹni tó bá sọ̀rọ̀ òdì sí òtítọ́ ìdáríjì Póòpù bú. Mọ́ńkì àti olùkọ́ ni, ó ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ síbi àríyànjiyàn. Ọ̀rọ̀ náà le sí i ní Leipzig ní 1519 nígbà tí Johann Eck, ọ̀mọ̀wé Kátólíìkì, ta kò ó níwájú èrò. Ó dáná sun ìwé àṣẹ Póòpù ní oṣù Kejìlá 1520. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ ní oṣù Kínní 1521. Ọkùnrin yìí yí padà láàárín ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀, ìyípadà yẹn gan-an ni ìtàn náà. Háńdáùtù ti gé e kúrò, ó fi ìṣó rọ́pò rẹ̀.

Mo mọ olùṣọ́ àgùntàn kan, ọmọ wa tó ń gbé London, tó kó àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ lọ sí Wittenberg. Gbogbo wọn tò, wọ́n ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń ya fọ́tò, pé ibi tí Luther fọwọ́ kàn nìyí. Iná jó ilẹ̀kùn ìgbà yẹn ní 1760. Idẹ ni èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, 1858 ni wọ́n gbé e síbẹ̀, kókó 95 náà ni wọ́n sì kọ sára rẹ̀. Wọ́n san owó báàlù, wọ́n dúró níwájú ọ̀rọ̀ náà gan-an, kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni pé kí ni wọ́n kọ síbí. Ó dùn mí nígbà tó fi fọ́tò náà hàn mí, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ẹ má ra fírémù Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí wọ́n kọ Michelangelo sí nísàlẹ̀. Leonardo ló yà á, sára ògiri yàrá ìjẹun àwọn mọ́ńkì ní Milan.

Michelangelo kò dùbúlẹ̀ ya àwòrán sí àjà Sistine, ilé ìjọsìn Póòpù ní Róòmù. Ìdúró ló wà láti 1508 sí 1512, ó gbé ọrùn sókè. Ó kọ ewì nípa ìyà yẹn, ó sì ya ọkùnrin tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Gbólóhùn pé bí ìgbẹ̀yìn bá ti dára, kò sí ohun tí a kò lè ṣe láti débẹ̀ kò sí nínú ìwé Machiavelli, òǹkọ̀wé ọ̀rọ̀ ìṣèlú ní Florence. Ẹ yéé kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ẹ má fọ àwọn èèyàn yìí mọ́ ju bí wọ́n ṣe rí lọ. Luther tó ṣàánú tálákà ní 1517 ló kọ̀wé ní 1525 pé kí àwọn ìjòyè pa àwọn àgbẹ̀ tó dìtẹ̀, ohun tó sì kọ nípa àwọn Júù ní 1543 burú débi pé kò yẹ kí olùkọ́ kankan fò ó. Ìgbìmọ̀ ìlú Geneva ló dájọ́ ikú fún Servetus, tó ní ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan kì í ṣe òtítọ́, ní 1553, ṣùgbọ́n Calvin, olórí oníwàásù ìlú náà, ló wà nídìí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo ń ba orúkọ bàbá ìgbàgbọ́ jẹ́. Ọmọ ìjọ tí a fi èyí pa mọ́ fún á padà rí i níbòmíràn, kò sì ní gbà wá gbọ́ mọ́.

Àwọn obìnrin náà wà níbẹ̀. Argula von Grumbach kọ lẹ́tà sí àwọn olùkọ́ yunifásítì Ingolstadt ní 1523, ó ní kí wọ́n fi Ìwé Mímọ́ dá òun lóhùn lórí ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń fìyà jẹ nítorí ẹ̀kọ́ Luther. Wọn kò dá a lóhùn. Ọmọ Áfíríkà náà débẹ̀: Michael, díákónì láti Etiópíà, wá bá Luther ní Wittenberg ní 1534, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́.

Ó ku ọ̀dọ̀ àwọn Kátólíìkì, tí háńdáùtù máa ń parí láìdé. Erasmus bá ìjọ wí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe lè ṣe lọ, síbẹ̀ kò kúrò nínú rẹ̀ títí ó fi kú ní Basel ní 1536. Ignatius Loyola àti ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn Jesuit, gba àṣẹ Póòpù ní 1540, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìlú padà. Ìgbìmọ̀ Trent, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, jókòó, wọ́n túká, wọ́n tún jókòó, láti 1545 sí 1563. Ní 1562 ni ìgbìmọ̀ yìí fòpin sí iṣẹ́ àwọn tó ń kiri gbowó ìdáríjì bíi Tetzel. Bí ẹ bá ti ka kókó 95 tán, ẹ lọ ka àṣẹ yẹn náà. Kò gùn tó ojú ìwé kan.