Bí A Ṣe Ń Fi Ọkọ̀ Oníṣòwò Sínú Fíìmù Kí Olùwòran Lè Dá A Mọ̀

Oníṣòwò ọkọ̀ kò ní torí pé ẹ jẹ́ òṣèré kó kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́. Ohun tó ń wá ni pé kí ẹni tó wo fíìmù yín mọ irú ọkọ̀ tó rí, kó sì mọ ibi tí yóò ti rí irú rẹ̀ rà. Tí fíìmù bá parí tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ bóyá Toyota ni tàbí Kia, ẹ ti lo ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lásán nìyẹn, kò sì sí oníṣòwò kan láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù tí yóò tún dá yín lóhùn.

Ẹ wá iṣẹ́ fún ọkọ̀ nínú ìtàn

Ẹ mú ìwé eré, ẹ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ẹnì kan ti wọ ọkọ̀, tó ti sọ̀ kalẹ̀, tàbí tó ti dárúkọ ọkọ̀. Ẹ mú mẹ́ta péré nínú wọn: ibi tí ọkọ̀ ti kọ́kọ́ dé, ibi tí nǹkan pàtàkì ti ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, àti ibi tó ti lọ. Tó bá ti di mẹ́jọ, olùwòran á mọ̀ pé ọjà ni wọ́n ń tà fún òun.

Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ń wà á mu. Ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà Òkè-Ajé kò ní wa ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì. Sienna ni yóò wà, nítorí ẹrù. Ẹ má sì fi ìpolówó sí òṣèré lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ náà dára, ẹ jẹ́ kí òṣèré ti inú oòrùn wọlé, kó máa fi áńkáṣíìfù nu òógùn, kó sì ká áńkáṣíìfù náà sápò nígbà tó yá. Kò sídìí tó fi yẹ kó sọ̀rọ̀.

Bí ajínigbé tàbí afiniṣòògùn owó bá wà nínú ìtàn yín, ẹ má gbé wọn sínú ọkọ̀ tí ẹ yá. Ẹ wá ògbólógbòó ọkọ̀ tí ẹ ti yọ àmì rẹ̀ fún wọn. Ti ìjàǹbá ọkọ̀ kò le: ẹ lọ sọ́dọ̀ panẹ́bítà, ẹ yá èyí tó ti bàjẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti tiyín.

Orúkọ ta ni kó hàn?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ kì í bi ara wọn. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ sílẹ̀, irú Innoson tó wà ní Nnewi, àmì imú ọkọ̀ ló fẹ́ kó hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta tókunbọ̀ létí títì ní Ìjẹ̀bú-Òde, oríṣiríṣi ọkọ̀ ló wà lọ́gbà rẹ̀. Tí àmì Toyota bá hàn, Toyota ló jèrè. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni férémù ike tó yí nọ́ńbà ọkọ̀ ká, tí orúkọ ilé ìtajà rẹ̀ wà lára rẹ̀, àti sítíkà ara gíláàsì ẹ̀yìn. Tí kò bá ní férémù bẹ́ẹ̀, kó lọ ṣe é kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: lẹ́tà funfun lórí dúdú, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 2, orúkọ nìkan, kó má kó nọ́ńbà fóònù mẹ́ta sí i. Lẹ́tà wínníwínní kì í hàn nínú fíìmù.

Ẹ tún fi kún àdéhùn pé ẹ ó fún un ní fọ́tò mẹ́wàá àti àgékù fídíò bíi ìṣẹ́jú-àáyá 15 tí yóò fi polówó fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1995, BMW gbé Z3 sínú fíìmù James Bond tó ń jẹ́ GoldenEye. Ọkọ̀ náà kò pẹ́ lójú rárá nínú fíìmù ọ̀hún, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà fi ìpolówó tirẹ̀ ti fíìmù lẹ́yìn, òkìkí ọkọ̀ sì kàn. Fíìmù nìkan kì í dá tajà.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lọ bá, ẹ má sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ló dára. Lọ́jọ́ Sátidé, òde àríyá ni ìdajì Ìjẹ̀bú wà. Ẹ kí wọn kú òwò, ẹ fi sùúrù jókòó, kí ẹ sì mú ewé ìwé kan ṣoṣo dání: ìtàn yín ní gbólóhùn márùn-ún, ìran mẹ́ta tí ọkọ̀ wà, iye ọjọ́ tí ẹ ó lò ó, àti ibi tí fíìmù yóò ti jáde.

Ìwé àdéhùn àti gbígba ọkọ̀

Ẹ má ṣèlérí ìṣẹ́jú. Ẹni tó ń gé fíìmù lè gé ìṣẹ́jú márùn-ún kù sí ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ìjà á sì dé. Ìran ni kí ẹ ṣèlérí: pé orúkọ yóò ṣeé kà níbi méjì, ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta níbì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣèlérí ibi méjì, kí ẹ ya ibi mẹ́rin tí orúkọ ti hàn láàárín ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kọ ẹni tí yóò máa wakọ̀ àti ẹni tí yóò tún ọkọ̀ ṣe bó bá ha, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ó ṣe bí wọ́n bá gé ìran náà dànù. Ní ti ìbánigbófò (ìnṣọ́ránsì), ti ẹni kẹta kì í tún ọkọ̀ tí ẹ ń wà ṣe, ìpalára tí ọkọ̀ bá ṣe fún ẹlòmíràn tàbí ohun ìní rẹ̀ nìkan ló ń san. Bí oníṣòwò bá sì ní òun ní ti odindi (comprehensive), tó ń tún ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe, ẹ ní kó béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ó kan yíya fíìmù.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gba ọkọ̀, ẹ fi fóònù ya fídíò yí i po nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bí òjò bá ń rọ̀ ẹ dúró, torí omi máa ń bo ojú ibi tó ti ha mọ́lẹ̀. Ẹ ya míléèjì, gééjì epo, táyà àfirọ́pò, jáàkì, àti àga inú ọkọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má jẹun nínú ọkọ̀ náà. Epo inú ìkókórẹ́ lára àga aláwọ̀ mílíìkì kì í lọ, owó rẹ̀ sì pọ̀ ju owó oúnjẹ gbogbo yín lọ.

Yíya ọkọ̀: ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́

Ọkọ̀ dígí ni. Gbogbo ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ ló ń hàn lára rẹ̀: ẹni tó di kámẹ́rà mú, ọmọ tó gbé iná dání, ẹlẹ́kọ tó dúró wòran, òrùlé páànù ilé kejì. Lójú ẹni tó wà níbẹ̀, ọkọ̀ ń dán gbinrin. Lórí ẹ̀rọ, ọkọ̀ ti di àmúlùmálà àwọ̀, àmì imú rẹ̀ sì ti rì sínú ìmọ́lẹ̀ òfuurufú. Ibí yìí ni wọ́n ti ń kùnà, torí náà ẹ fi gbogbo wákàtí kan sílẹ̀ fún un kí òṣèré tó dé.

Kí gbogbo ẹni tó bá wà lẹ́yìn kámẹ́rà wọ dúdú. Ẹ ta aṣọ dúdú lẹ́yìn kámẹ́rà, kó fẹ̀ tó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Tí owó aṣọ ńlá kò bá sí, aṣọ ìborí ilẹ̀kùn dúdú mẹ́ta tí ẹ so mọ́ra tó, bí kò bá ṣáà ti ń dán; ọ̀rá dúdú kò ṣeé lò, òun náà ń dán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi fílítà pólàráísà sí ojú lẹ́ńsì, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ òfuurufú yóò fi kúrò lójú gíláàsì iwájú tí ẹ ó fi rí ojú òṣèré. Ó máa ń jẹ ìmọ́lẹ̀ bíi sítọ́ọ̀pù kan àtààbọ̀ sí méjì (sítọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì), nítorí náà kò ṣeé lò nírọ̀lẹ́. Ohun méjì ni wọn kì í sọ fún yín tí wọ́n bá ń tà á: kò ṣiṣẹ́ lórí kúróòmù (irin tó ń dán bíi fàdákà), bẹ́ẹ̀ kúróòmù ni ọ̀pọ̀ àmì ọkọ̀, ó sì lè mú kí àbàwọ́n dúdú tàbí òṣùmàrè yọ lára gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn, nítorí bí wọ́n ṣe fi iná sè wọ́n nílé-iṣẹ́. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n yẹn, gíláàsì kò bàjẹ́, ẹ yí fílítà padà díẹ̀. Ti kúróòmù, aṣọ dúdú nìkan ló ń gbà á.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni kí ẹ fi yà á. Oòrùn ọ̀sán máa ń fi òjìji bo àmì. Ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀ dé gíga iná iwájú ọkọ̀, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ lo lẹ́ńsì mìlímítà 50 sí 85. Lẹ́ńsì fífẹ̀ tí wọ́n sún mọ́ ọkọ̀ máa ń fa imú rẹ̀ gùn bí imú elédè. Ẹ dúró ní igun iwájú kí imú àti ẹ̀gbẹ́ lè hàn pọ̀, kí ẹ sì yí ọwọ́ táyà iwájú débi tí ojú rímù yóò fi kọ sí kámẹ́rà. Kí ẹnì kan sì ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí àmì àárín rímù yóò fi dúró gangan. Àmì tó dorí kodò ń ṣe ojú òǹwòran báṣubàṣu, kódà bí kò mọ ohun tó ń dà á láàmú.

Fífọ̀ kò le, àfi ti erùpẹ̀ pupa ìhà ibí, tó máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn táyà àti etí ilẹ̀kùn. Fún dídán táyà, gílísárìn tí ẹ fi omi pò tó, ẹ̀gbẹ́ táyà nìkan ni kí ẹ fi pa, ẹ má kan ibi tó ń tẹ ilẹ̀ kí ọkọ̀ má yọ̀. Ẹ má lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ó ń ba rọ́bà jẹ́, erùpẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Iná ọkọ̀ ìgbàlódé a máa ṣẹ́jú lójú kámẹ́rà. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́tà (bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé) 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá wò ó, tó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ gbìyànjú 1/60 àti 1/100, kí ẹ mú èyí tó bá dúró.

Nọ́ńbà ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ hàn. Tókunbọ̀ tí kò tíì ní nọ́ńbà kò gbọdọ̀ kan títì ìjọba rárá, inú ọgbà ni kí ẹ ti yà á. Nọ́ńbà àfọwọ́ṣe wà fún ọkọ̀ tó wà nínú ọgbà nìkan. Ẹ yọ ọ́ kó tó dé géètì, torí FRSC (àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó) kò ní gba àlàyé pé eré ni ẹ ń ṣe. Kí òṣèré de bẹ́líìtì nínú gbogbo ìran tí ọkọ̀ ti ń rìn. Títì Ṣàgámù sí Benin kò dára fún iṣẹ́ yìí, tánkà á kọjá lórí gbogbo ọ̀rọ̀ òṣèré; ojú ọ̀nà inú ẹ́sítéètì ní Ìlíṣàn tàbí Ìpẹru sàn. Ẹ má sì lọ fi ọjọ́ Ojúde Ọba ṣe é. Ọjọ́ kẹta Iléyá nìyẹn, àárín ẹlẹ́ṣin àti régbérégbé kì í ṣe ibi tí à ń ti ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ sí, pátákó àwọn onígbọ̀wọ́ ọdún náà á sì gba gbogbo ẹ̀yìn àwòrán yín. Níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ fi téépù dúdú tí kò ń dán bo orúkọ ọjà mìíràn tó bá wà lójú àwòrán.

Kí ẹ tó tú aṣọ dúdú, ẹ fi ohun tí ẹ yà sórí fóònù kékeré, kí ẹnì kan tí kò sí nínú iṣẹ́ náà na ọwọ́ wò ó. Ẹ bi í: irú ọkọ̀ wo nìyẹn, níbo ni wọ́n ti ń tà á? Orí fóònù ni púpọ̀ nínú àwọn èèyàn yín yóò ti wò ó. Tí kò bá lè dáhùn, ẹ tún un yà.

Dídá ọkọ̀ padà

Tí wọ́n bá ti gé fíìmù, àwọn ìran ọkọ̀ nìkan ni kí ẹ fi han oníṣòwò, kì í ṣe odindi. Orúkọ tó máa jáde ní ìparí, bó ṣe wà lára pátákó ilé ìtajà rẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́. Kí fíìmù tó dé ọ̀dọ̀ aráàlú, NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, gbọ́dọ̀ ti wò ó kí wọ́n sì fún un ní ìpele ọjọ́ orí.

Ẹ fọ ọkọ̀, ẹ da epo sí i kó ju bí ẹ ṣe bá a lọ díẹ̀, ẹ ká téépù kúrò nígbà tí ara ọkọ̀ ṣì gbóná díẹ̀ kí gọ́ọ̀mù má bàa kù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan fídíò ọjọ́ tí ẹ gbà á, kí ẹ̀yin àti oníṣòwò jọ fi yí ọkọ̀ ká, kó fọwọ́ sí i, kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.