Bí a ṣe ń fi Sáàmù 91 sá di Olúwa

Ẹsẹ 16 péré ni Sáàmù 91 ní. Bí ẹ bá rọra kà á sókè, kò lè gbà yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ kí ẹ tó wá a kàn. "Ẹni tó ń gbé" ló fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń yà síbẹ̀ nígbà tí òjò bá ká a mọ́ ọ̀nà.

Ẹsẹ 2 ni kí ẹ kọ́kọ́ há sórí, torí ẹnu ara yín lẹ máa fi sọ ọ́. Ó pe Olúwa ní odi. Kò yẹ kí ọmọ Ìjẹ̀bú máa bèèrè ohun tó ń jẹ́ odi: Erédò Súngbọ́ ṣì wà nílẹ̀, yàrà àti odi erùpẹ̀ tó gùn tó kìlómítà 160. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró síta odi ńkọ́? Gíga rẹ̀ kò ṣe é láǹfààní kankan.

Láti ẹsẹ 3 dé 13, "ìwọ" ló ń wí. Kí bàbá tàbí ìyá kà á sí àwọn ọmọ létí, kó fi orúkọ wọn sí i: "Yẹmí, ìwọ kì yóò bẹ̀rù nítorí ẹ̀rù òru." Ẹ dúró díẹ̀ ní ẹsẹ 4, níbi tó ti ní Olúwa yóò fi ìyẹ́ rẹ̀ bò ọ́. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wo adìẹ tó lọ́mọ lẹ́yìn. Bí àṣá bá ti ń rà bàbà lókè, ìyá adìẹ yóò ké, yóò na apá. Òròmọdìẹ tó bá sáré wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan lẹ máa rí nílẹ̀. Èyí tó ṣì ń ṣa ìdin lórí ààtàn ni àṣá ń gbé.

Ní ẹsẹ 14 sí 16, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ni kó kà á, kí àwọn tó kù dákẹ́. Ó ní òun yóò wà pẹ̀lú onítọ̀hún nínú ìpọ́njú. Kò sọ pé ìpọ́njú kò ní dé. Ẹni tí kò bá fiyè sí ibí yìí, ọjọ́ tí ọjà bá kùtà ló máa ní Sáàmù kò jẹ́.

Ẹ má dà á kọ sínú bébà kẹ́ ẹ ká a sí àpò bíi tírà. Bíbélì abẹ́ ìrọ̀rí náà, ohun tí ẹ kò kà kò lè wọ̀ yín lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ má fi dán Olúwa wò. Èṣù mọ ẹsẹ 11 àti 12, níbi tó ti ní àwọn áńgẹ́lì yóò máa ṣọ́ ọ. Ó kà á fún Jésù nínú Mátíù 4 pé kó bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ńpìlì, ṣùgbọ́n ó fo "ní gbogbo ọ̀nà rẹ". Diutarónómì 6:16, tó ní ká má dán Olúwa wò, ni Jésù fi dá a lóhùn. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ wakọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ṣàgámù, ẹ wo táyà, ẹ tẹ bíréèkì wò, ẹ de bẹ́líìtì, kẹ́ ẹ sì gbàdúrà.

Ẹsẹ méjì-méjì lóòjọ́ ni kẹ́ ẹ máa há sórí. Ọjọ́ 8, ó parí. Lálẹ́ ọjọ́ kẹjọ, ẹ pa iná, kí gbogbo ilé kà á lórí nínú òkùnkùn. Ibi tí ohùn bá ti ń rẹlẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.