Ẹ má fi ìwọ̀n ṣòkòtò lu ihò bẹ́líìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra awọ ní Kofar Wambai níbí ní Kánò, ẹ má fi ìwọ̀n ṣòkòtò lu ihò bẹ́líìtì. Mo ṣe é rí. Oníbàárà ní 34 lòun ń wọ̀, mo lu ihò àárín sí 34, bẹ́líìtì ò yí i ká. Awọ gidi ló ṣòfò yẹn o!

Ẹ gba bẹ́líìtì tí oníbàárà ń lò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ibi tí awọ ti ṣẹ́po mọ́ irin orí rẹ̀ títí dé ihò tó ti fẹ̀ jù. Ibẹ̀ ni ihò kẹta yín. Ẹ lu méjì síwájú, méjì sẹ́yìn, kí ínǹṣì kan wà láàárín wọn.

Ẹ má fi bíírò sàmì, kì í ṣí lára awọ. Ṣóńṣó ìṣó ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Pátákó ni kí ẹ gbé sábẹ́. Sìmẹ́ńtì á ba ẹnu irin ìluhò yín jẹ́. Ẹ na irin náà ró ṣánṣán, kí ẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ti ẹnu bẹ́líìtì: ẹ ká bébà sí méjì, ẹ gé e bí ẹ ṣe fẹ́. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á dọ́gba, òun lẹ ó fi gé awọ. Ẹ fi sáńpépà ha etí rẹ̀, ẹ ta omi díẹ̀ sí i, kí ẹ wá fi igi dídán ra á. Awọ tí wọ́n fi bagaruwa, èso igi tí àwọn Hausa fi ń tọ́jú awọ ẹran, ṣe ló máa ń dán dáadáa.