Bí Ẹ Ṣe Lè La Ọ̀gìnnìtìn Ìlú Ọba Já Láìjẹ́ Kí Ìrẹ̀wẹ̀sì Borí Yín

Gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ ní Ìlú Ọba ni wọ́n máa ń kìlọ̀ òtútù fún: ra jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, má gbàgbé ìbọ̀wọ́. Òkùnkùn ni ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lóṣù Kejìlá, oòrùn Lọ́ńdọ̀nù kì í yọ títí di nǹkan bí aago 8 àárọ̀, kó sì tó lu aago 4 ó ti wọ̀. Ti Aberdeen tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé láago 3:30 ilẹ̀ ti ń ṣú níbẹ̀. Ẹni tó ti Èkó wá, níbi tí ojúmọmọ ti ń lé ní wákàtí 11 láti ọdún dé ọdún, kò lè ṣe kí ara rẹ̀ má fura.

Bó bá jẹ́ ìgbà tí òkùnkùn yìí dé lẹ ń sùn jù, tí ìrẹsì, búrẹ́dì àti nǹkan dídùn ń wù yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tẹ́ ò fẹ́ gbé fóònù ẹnikẹ́ni, tí gbogbo rẹ̀ sì máa ń fúyẹ́ nígbà tí ojúmọ́ bá ti ń gùn, kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe yín. Kì í sì í ṣe ará ilé ló ń fi nǹkan ránṣẹ́. Lọ́dún 1984 ni Norman Rosenthal, dókítà tó ṣí láti South Africa lọ sí Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe àìsàn yìí, tí wọ́n sì pè é ní seasonal affective disorder, ìyẹn ìrẹ̀wẹ̀sì tó ń bá ìgbà dé. Òun alára ti rí àyípadà náà lára rẹ̀ nígbà òtútù New York.

Ìmọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó bá wọ ojú wa ló ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, kó sì jí ara. Iná inú ilé kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, bó ti wù kó mọ́lẹ̀ lójú yín tó: iná yàrá kì í sábà ju lux 500 lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), nígbà tí ìta gbangba lè ju lux 1,000 lọ dáadáa kódà bí òjò bá ṣú. Nítorí náà, ẹ jáde láàárín wákàtí kan sí méjì tí ilẹ̀ bá mọ́, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ṣáájú ibi tẹ́ ẹ ń lọ. Níbi iṣẹ́, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú arúgbó lóru lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí ìgbà tí oòrùn wà lókè lẹ ń sùn. Ẹ fi aago jí ara yín kí ilẹ̀ tó ṣú, kẹ́ ẹ sì jáde kẹ́ ẹ tó dáná.

Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ ra light box, àpótí iná tó ń mọ́lẹ̀ gan-an. Èyí tó ní lux 10,000 tí kì í sì í tan ìtànṣán UV jáde ni kẹ́ ẹ béèrè fún. NHS, ètò ìlera ìjọba, kì í sábà fúnni. Ẹ gbé e síwájú yín láàárọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń jẹun, fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ má tàn án lálẹ́, á gba oorun lójú yín. Ẹni tí ojú ń dùn, tàbí tó ní àìsàn ọpọlọ tí inú ẹni fi ń dùn kọjá ààlà nígbà kan tó sì ń bà jẹ́ gan-an nígbà míì, kó kọ́kọ́ bi dókítà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ló dáa láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró di oṣù Kìíní ti pẹ́ díẹ̀.

Ẹ lo fítámì D, microgram 10 lójúmọ́, ó kéré tán láti oṣù Kẹwàá dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Àwa aláwọ̀ dúdú lè máa lò ó lọ́dún yípo. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ egungun àti iṣan ló wà fún, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé yóò lé ìrẹ̀wẹ̀sì lọ.

Ẹ máa jí ní aago kan náà lójoojúmọ́, títí kan òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹ tètè ṣètò bẹ́ ẹ ṣe máa rí èèyàn kí òtútù tó dé, torí nígbà tí ọkàn bá ti rẹ̀, kò ní wu yín mọ́. Ẹ bá ọ̀rẹ́ kan dá ọjọ́, kẹ́ ẹ ní kó wá kanlẹ̀kùn bẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́. Ẹ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Wíwo ìsìn lórí fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì kò tó.

Bó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tẹ́ ò lè ṣiṣẹ́ tàbí tọ́jú ọmọ bó ti yẹ, ẹ lọ sọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò yín. “Ara ń ro mí” nìkan lọ̀pọ̀ wa máa ń sọ níbẹ̀, a ó sì gba oògùn ara ríro bọ̀. Ẹ sọ oṣù tó bẹ̀rẹ̀, ọdún mélòó ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àti wákàtí tẹ́ ẹ fi ń sùn. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá, ẹ kò ní sanwó rẹ̀. Bí ẹ̀mí bá sì ń sọ fún yín pé kí ẹ pa ara yín lára, ẹ má dúró de àyè GP: ẹ pe 111, nọ́ńbà ìlera NHS (ní England àti Wales, kẹ́ ẹ tẹ 2), tàbí kẹ́ ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, bí ewu bá ti dé tán.