Ẹ Dojú Iná Kọlẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ará Etíkun Àgbádárìgì

Iná sólà ti pọ̀ ní etíkun wa báyìí, láti Gberefu títí dé Yovoyan, a sì dúpẹ́. Àmọ́ àṣìṣe kan náà là ń rí láti ilé dé ilé: wọ́n á gbé iná kọ́ sórí òpó, wọ́n á wá dojú rẹ̀ kọ òkun tàbí kí wọ́n gbé e sókè. Ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sójú ọ̀run kò bá yín ṣọ́ nǹkan kan.

Ẹ dojú iná kọlẹ̀. Kí òpó má ga ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ. Ẹ gé páànù, kí ẹ fi ṣe ìbòrí tó gùn kọjá ẹnu gílóòbù ní íǹṣì 3. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà 30. Bí ẹ bá ṣì ń rí gílóòbù fúnra rẹ̀, ẹ kò tíì ṣe é, ẹ padà lọ tún un ṣe.

Ẹ wo ara páálí kí ẹ tó sanwó. Nọ́ńbà tó ní K lẹ́yìn ló ń sọ àwọ̀ iná; bó bá ṣe kéré tó ni iná á ṣe pọ́n tó. 2700K ni kí ẹ rà, kó má kọjá 3000K. Èyí tó funfun báláú, 6500K, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé nítorí olè ni, iná tó ń ta síni lójú kì í jẹ́ ká rí ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin apẹja náà mọ̀ ọ́n: ojú á lo bí ìṣẹ́jú 30 kó tó mọ òkùnkùn lára, iná kan ṣoṣo láti èbúté á sì bà á jẹ́. Ilá ìròkò tó bá sì wà lábẹ́ iná mọ́jú á pẹ́ kó tó so.

Èyí tó dùn wá jù ni ti ìjàpá òkun. Nǹkan bí 100 ẹyin ló ń yé sínú iyanrìn lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń tó oṣù 2 kí wọ́n tó pa. Ọmọ tó jáde lóru, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ló ń wọ́ lọ. Bí kò bá síná, òkun ló mọ́lẹ̀ jù. Bí iná bá wà lápá ilé, á kẹ̀yìn sómi, á forí lé ojú títì, ajá á gbé e, tàbí kí oòrùn pa á bílẹ̀ bá mọ́. Nítorí náà, láti oṣù kẹwàá dé oṣù kẹta, ẹ má tan iná kankan sápá òkun lẹ́yìn agogo 7 alẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba àlejò òpin ọ̀sẹ̀ létíkun, ẹ̀yin gan-an là ń bá wí.

Bí ẹ bá rí ọmọ ìjàpá tó ṣìnà, ẹ da iyanrìn tútù díẹ̀ sínú garawa, ẹ má bu omi sí i. Ẹ gbé e lọ síbi tó ṣókùnkùn létí omi, kí ẹ sọ̀ ọ́ sílẹ̀ lórí iyanrìn, kó fúnra rẹ̀ wọ́ wọlé. Ẹ má jù ú sínú ìgbì.