Bí mo ṣe lo ìpara fún jẹ̀díjẹ̀dí tó wú síta

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, ìdí máṣìnnì ni mo máa ń wà láti àárọ̀ kùtù títí ilẹ̀ á fi ṣú, omi gan-an á di ìgbà tí mo bá rántí. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ti le mọ́ mi nínú, tó jẹ́ pé tipátipá ló ń jáde. Kò pẹ́ tí ìdí bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, ó tún ń ta mí. Níjọ́ kan tí mò ń wẹ̀, mo fọwọ́ kan nǹkan rírọ̀ kan tó wú sétí ihò ìdí mi, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ pupa díẹ̀ lára tíṣù.

Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ jẹ̀díjẹ̀dí ló ní oògùn tirẹ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ mu àgbo ní gáráàjì, ẹlòmíì ní kí n fi róòbù pa ibẹ̀, ẹ̀kẹta ní kí n ṣáà ti jáwọ́ nínú ṣúgà. Awọ ara tó ti bó tẹ́lẹ̀ kọ́ ni èèyàn ń fi nǹkan tó ń ta bíi róòbù sí! Ẹ̀jẹ̀ tí mo rí yẹn ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ilé ìwòsàn lọ, kí n tó ra ohunkóhun.

Dókítà wọ ìbọ̀wọ́, ó yẹ̀ mí wò, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó ṣàlàyé pé gbogbo wa la ní àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ihò ìdí àti létí rẹ̀. Bí èèyàn bá ń fi agbára yàgbẹ́, tó ń jókòó pẹ́, tàbí tó lóyún, wọ́n lè wú kọjá bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ló wá ń bi mí: ṣé ìgbẹ́ mi ti dúdú rí, ṣé mo ń rù láìnídìí, ṣé ẹnì kankan nínú ẹbí wa ti ní jẹjẹrẹ ìfun? Ó ní ìdí tóun fi ń béèrè ni pé jẹjẹrẹ náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde, àwọn èèyàn á sì máa pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí títí yóò fi pẹ́ jù. Ó tún kìlọ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dúró, tàbí tí ibẹ̀ bá le lójijì tó ń ro mí gan-an, kí n má dúró sílé.

Nígbà tí mo dé kẹ́míìsì, ọ̀dọ́bìnrin tó jẹ́ apoògùn ibẹ̀ mú ìpara méjì wá. "Ẹ má bínú, Dádì, ṣé ẹ̀ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dá ọ̀kan padà lójú ẹsẹ̀. Ó ní phenylephrine wà nínú rẹ̀, ó máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò sì gbọ́dọ̀ dá a lò láìbi dókítà. Lidocaine tó ń pa ìrora àti hydrocortisone tó ń dẹ́kun wíwú àti yíyún ló wà nínú èkejì. "Ẹ má lò ó kọjá ọjọ́ 7 o, Dádì. Ó máa ń jẹ́ kí awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́." Mo wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kí n tó sanwó.

Mo gé èékánná mi kúkurú. Láàárọ̀, tí mo bá ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tán, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ni mo fi ń ṣan ibẹ̀, kò sí ọṣẹ olóòórùn. Mo máa ń fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ ni, mi ò jẹ́ nù ún wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀. Lẹ́yìn tí mo bá ti fọwọ́, mo máa ń tẹ ìpara tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan sórí ìka, mo sì ń rọra fi pa ojú ibi tó wú náà. Ibẹ̀ á kọ́kọ́ tutù, tó bá ṣe díẹ̀ á kú, ara á sì tù mí. Lẹ́yìn ìyẹn mo tún máa ń fọwọ́ dáadáa kó má baà kan ojú. Bákan náà ni mò ń ṣe kí n tó sùn. Ẹnu gígùn kan wà nínú páálí, èyí tí wọ́n fi ń ti ìpara sínú ihò ìdí. Apoògùn ní kí n fi í sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìta ni tèmi wà. Ó ní tí ibẹ̀ bá ń jó mi tàbí tó sú, kí n ṣan án kúrò kí n má sì lò ó mọ́.

Lálẹ́, mo máa ń jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú abọ́ fífẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Mi ò da Dettol sí i, mi ò da iyọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ìpara ò lè rọ ìgbẹ́ tó le. Ẹ̀wà, ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́ àti omi púpọ̀ ló ṣe ìyẹn fún mi. Mo gbé ìgò omi sí ẹ̀gbẹ́ máṣìnnì, mo ń dìde rìn káàkiri ṣọ́ọ̀bù, mi ò sì mú fóònù wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. Yíyún ló kọ́kọ́ lọ, wíwú náà wá ń fà díẹ̀díẹ̀. Kí ọjọ́ 7 tó pé ni mo ti dáwọ́ ìpara dúró.

Aládùúgbò wa kan tó lóyún gbọ́ lẹ́nu ìyàwó mi, ó sì wá tọrọ ìyókù. Mi ò fún un. Ìpara tí wọ́n ti fi ọwọ́ pa nídìí ẹnì kan kì í ṣe ohun tí à ń pín lò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ aboyún. Mo ní kó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tó bá lọ yẹ oyún wò, kó má sì tijú.