Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń gun máṣíìnì ní Kubwa àti Suleja, tí mẹkáníìkì bá ní òun fẹ́ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ tún ṣe gan-an. Tó bá jẹ́ ríǹgì, píṣítìn tàbí kílọ́ọ̀ṣì ni, orí férémù níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe é fún Bajaj Boxer, ẹ má dá a lóhùn jàre, owó iṣẹ́ ló ń wá. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ gbì-gbì-gbì nísàlẹ̀ tó ń le sí i bẹ́ ẹ ṣe ń fúnná, kíránkì, ìyẹn irin tí píṣítìn ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, àbí béárìn ẹ̀ nìyẹn o, ó di dandan kí wọ́n la ikùn ẹ́ńjìnnì sí méjì, ẹ jẹ́ kó sọ̀ ọ́. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ fọ eruku ọyẹ́ ara ẹ̀ dànù kó tó ṣí nǹkan kan, torí tí iyẹ̀pẹ̀ bá fi lè já sínú sílíńdà, ríǹgì tuntun náà ò ní pẹ́ jẹ.